SIM kejì, fáíbà, Starlink tàbí rédíò: èwo ni kí ẹ fi ṣe àtìlẹ́yìn ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó?

Ká ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Alágbàká ra ráútà méjì, ó ki MTN bọ ọ̀kan, ó ki Airtel bọ èkejì, ó sì gbà pé òun ti ní ìlà méjì. Ẹ jẹ́ ká tọpa wọn. Ráútà méjèèjì wà lára ẹsiténṣọ̀n kan náà. Ẹsiténṣọ̀n yẹn ń gba iná lára ínfátà kan. Síìmù méjèèjì ṣeé ṣe kí ó máa bá òpó kan náà sọ̀rọ̀, nítorí pé lóde òní, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù kì í sábà dá òpó ní. Iléeṣẹ́ bíi IHS ló ni òpó, àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kàn ń yá àyè lórí rẹ̀ ni. Òpó yẹn ní jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì tirẹ̀. Bí dísù bá tán níbẹ̀, síìmù méjèèjì á dákẹ́ pọ̀. Owó ìlà méjì jáde lápò wọn, ìlà kan ni wọ́n ní.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí gbogbo ọ̀nà bá ní láti gba orí afárá kan ṣoṣo, ọjọ́ tí afárá bá wó ni ọjà tú. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní í bẹ̀rẹ̀ láti iye Mbps (bí ìlà ṣe yára tó) nínú ìfiwéra yìí. Ohun tí a ó máa bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ni pé: kí ni òun àti ìlà tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ jọ ń pín?

Àpẹẹrẹ ńlá rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 14 oṣù Kẹta ọdún 2024. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì, WACS, ACE, MainOne àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire. Orúkọ wọn yàtọ̀, àwọn tó ni wọ́n yàtọ̀, àmọ́ agbègbè kan náà lábẹ́ òkun ni wọ́n jọ gbà kọjá. Báńkì dákẹ́ ní Nàìjíríà, káàdì kọ̀, gbígbé owó di ìdúró-de-ọ̀la. Equiano, wáyà abẹ́ òkun mìíràn tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, gba ibòmíràn, nǹkan kan kò ṣe é, òun sì ni ọ̀pọ̀ sáré gbé ẹrù wọn lé lọ́jọ́ náà.

Ìṣirò kékeré kan á jẹ́ kí ó yé wa dáadáa. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. Ìlà tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 95 nínú 100 á dákẹ́ fún wákàtí 438. Bí ẹ bá fi ìkejì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 90 tì í, tí wọn kò sì pín ohunkóhun, àkókò tí àwọn méjèèjì á jọ dákẹ́ á wálẹ̀ sí nǹkan bíi wákàtí 44. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jọ wà lórí òpó kan tó ń kú fún ìdá 3 nínú 100, wákàtí 263 ni ẹ ti pàdánù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, bí ẹ tiẹ̀ kó síìmù mẹ́wàá jọ.

Bí ẹ ṣe lè mọ ohun tí ìlà yín jọ ń pín kò le. Ẹ fi ọwọ́ tọ wáyà láti ara ráútà dé ibi tí iná ti ń wọlé, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lọ́nà sílẹ̀: púlọ́ọ̀gì, ẹsiténṣọ̀n, ínfátà, bátìrì, changeover, mítà. Ohunkóhun tí orúkọ rẹ̀ bá jẹyọ lábẹ́ ìlà méjèèjì, ẹ fa ìlà sí i nídìí. Fún ohun tó wà níta ilé, ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan bá lọ àti ìgbà tó bá padà. Bí ẹ bá ṣe é fún oṣù kan tó ní òjò nínú, ìwé yẹn á sọ òótọ́ tí aṣojú iléeṣẹ́ kò ní í sọ. Bí MTN àti Airtel bá ń lọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún síra wọn lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin, ẹ má wá ẹ̀rí mìíràn mọ́.

| Ohun àtìlẹ́yìn | Iná tó ń jẹ | Ohun tó sábà ń pa á | Ohun tó ṣì lè bá SIM àkọ́kọ́ pín |
|---|---|---|---|
| SIM kejì | nǹkan bíi wáàtì 10 | dísù òpó, fáíbà tó já lẹ́yìn òpó, détà tó tán | òpó, fáíbà, iná òpó |
| Fáíbà (íntánẹ́ẹ̀tì inú wáyà) | wáàtì 10 sí 15 | katakata tó ń la ọ̀nà, iná àpótí ojú títì | ọ̀nà tí fáíbà gbà wọ ìlú |
| Starlink (íntánẹ́ẹ̀tì láti sátẹ́láìtì) | Standard, wáàtì 75 sí 100. Mini, irú rẹ̀ kékeré, 25 sí 40 | igi, òjò ńlá, owó oṣù tó parí | iná ilé yín, ọ̀nà tó jáde láti Èkó |
| Rédíò VHF tàbí UHF | bátìrì inú rẹ̀ | òkè, ògiri, bátìrì tí a kò gba iná sí | fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan |

SIM kejì ló rọrùn jù láti rà, òun náà ló sì ń tan ènìyàn jẹ jù. Bí MTN bá jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ yín, T2 kò lè ṣe àtìlẹ́yìn fún un: T2 ni 9mobile tó yí orúkọ padà ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ó sì ti wọ àdéhùn láti máa gun nẹ́tíwọ́ọ̀kì MTN. Airtel sàn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta ọdún 2025, MTN àti Airtel kéde pé àwọn á máa jọ lo àwọn ohun èlò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan ní Nàìjíríà àti Uganda. Ohun tó yàtọ̀ lónìí lè má yàtọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà ìwé àkọsílẹ̀ yẹn kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Glo ní wáyà abẹ́ òkun tirẹ̀, Glo-1, ó sì ní fáíbà tirẹ̀ lórí ilẹ̀. Níbi tí àmì Glo bá ti lágbára tó ní àdúgbò yín, èmi á mú MTN pẹ̀lú Glo ṣáájú MTN pẹ̀lú Airtel, bí Glo náà tiẹ̀ lọ́ra jù ú lọ. Àtìlẹ́yìn tó lọ́ra tó sì wà, ó ju èyí tó yára tó bá èkíní kú lọ.

Ráútà tó ń gba síìmù méjì máa ń ní ibi tí ẹ ti lè sọ fún un pé kí ó bọ́ sórí ìkejì bí èkíní bá kú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Bí fáíbà bá já lẹ́yìn òpó, òpó ṣì ń tan àmì, fóònù ń fi igi mẹ́rin hàn, àmọ́ détà kò rìn. Ráútà tó ń wo àmì nìkan kò ní í yí padà láé. Ẹ jẹ́ kí ó máa kan ilẹ̀kùn àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì méjì níta: 8.8.8.8 ti Google àti 1.1.1.1 ti Cloudflare, ní ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 10, kí ó sì yí padà lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì bá kọ̀ láti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má fi ọ̀kan ṣoṣo sí i. Ní 14 oṣù Keje ọdún 2025, 1.1.1.1 fúnra rẹ̀ dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan káàkiri ayé. Ráútà tó bá ń wo òun nìkan á sọ pé ìlà tó dáa ti kú. Ẹ tún sọ fún un pé kí ó má padà sórí ìlà àkọ́kọ́ àfi tí ìyẹn bá ti dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa lọ á máa bọ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì yí ni POS tàbí ìpè orí íntánẹ́ẹ̀tì máa já.

Fáíbà dára jù lọ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ọ̀tá rẹ̀ ni katakata. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń fẹ ojú ọ̀nà tàbí gbẹ́ gọ́tà, ẹ gbà pé á já, ìgbà tó máa já nìkan ni a kò mọ̀. Kí ẹ tó san owó, ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi oníṣòwò rẹ̀. Àkọ́kọ́: ojú ọ̀nà wo ni fáíbà yín gbà wọ Àkúrẹ́? Ìkejì: bí ìyẹn bá já, ọ̀nà wo ni ẹrù máa gbà? Ìdáhùn tó dáa máa ń dárúkọ ọ̀nà. Ó lè sọ pé ọ̀nà Iléṣà ni ti àkọ́kọ́, ọ̀nà Ọ̀wọ̀ tàbí ti Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀ ni ìkejì. Ẹni tó bá dáhùn pé "ẹ má ṣèyọnu, tiwa kì í lọ" kò ní ìkejì. Ní ìlú Oǹdó, ẹ bèèrè bóyá Àkúrẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tó bá ṣe Àkúrẹ́ ti ṣe yín nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ nípa fáíbà: àpótí kékeré inú ilé àti èyí tó wà lójú títì nílò iná. Ínfátà yín lè gbé tinú ilé ró fún ọjọ́ méjì, kí bátìrì tojú títì tán ní wákàtí mẹ́ta. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá lọ ní gbogbo àdúgbò pẹ́. Bí fáíbà bá ń kú ní aago kan náà lẹ́yìn tí iná lọ, wáyà yín kò ní àìsàn, bátìrì ẹlòmíràn ló ti gbó.

Starlink wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023, òun sì ni ohun tó yàtọ̀ sí SIM jù lọ nínú àwọn tó ń gbé détà. Kò ní òpó kankan ní Àkúrẹ́ tó gbára lé. Síbẹ̀, kì í ṣe pé kò so mọ́ ibì kankan. Détà tó gòkè láti orí òrùlé yín sábà máa ń sọ̀kalẹ̀ sí Èkó kí ó tó lọ síbi tó ń lọ, torí náà wàhálà wáyà abẹ́ òkun lè kàn án. Ní 24 oṣù Keje ọdún 2025, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ káàkiri ayé fún wákàtí méjì àtààbọ̀ nítorí sọ́fúwíà inú ilé wọn. Ẹni tó ta SIM rẹ̀ nù nítorí pé ó ti ní Starlink kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Níbi gbígbé e kalẹ̀, igi máńgòrò àti ọ̀pẹ ni ìṣòro tibí. App rẹ̀ ní ibi tí a ti ń fi kámẹ́rà fóònù wo ojú ọ̀run. Ẹ lò ó lórí òrùlé gan-an, ẹ má dúró sí ilẹ̀ wò ó. Ẹ̀ka kan péré tó wọ ojú ọ̀nà á máa gé ìpè fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń wo fídíò kò ní í mọ̀, ẹni tó ń bá dókítà sọ̀rọ̀ á mọ̀. Wáyà tó bá Standard wá jẹ́ mítà 15, ẹ wọn ilé yín kí ẹ tó gun àkàbà. Mini lè gba iná tààrà láti ara bátìrì, láti fóòtì (volt) 12 sí 48. Bí wáyà bá gùn lórí fóòtì 12, agbára á dínkù lọ́nà, ẹ̀rọ á sì máa kú á máa jí fúnra rẹ̀. Fóòtì 24 ló dára. Ẹ rántí pẹ̀lú pé Starlink kò ní nọ́ńbà fóònù. WhatsApp kò lè pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì.

Rédíò ni àwọn ènìyàn máa ń fojú tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ni kò bá àwọn yòókù pín nǹkan kan. Kò lè gbé POS, kò lè fi fọ́tò ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè sọ fún awakọ̀ áńbúláǹsì pé kí ó yà sí ọ̀tún. VHF (136 sí 174 MHz) dára fún ìta gbangba àti ọ̀nà oko. UHF (400 sí 470 MHz) ló ń wọnú ilé alájà púpọ̀ dáadáa. Èyí tí a ń gbé lọ́wọ́, oníwáàtì 5, á lọ tó kìlómítà méjì sí márùn-ún láàárín ilé ní Àkúrẹ́. Bí òkè bá wà láàárín, kò ní í tó bẹ́ẹ̀. Rípítà (ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, tó sì ń tún un rán jáde) lórí ibi gíga á mú un dé ọ̀pọ̀ kìlómítà. Àmọ́ rípítà náà ti di afárá kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ ní kí ẹni tó ń ṣètò rédíò fi ìkànnì kan sí i tí rédíò á fi máa bá rédíò sọ̀rọ̀ tààrà láìgba orí rẹ̀, kí gbogbo òṣìṣẹ́ sì mọ nọ́ńbà ìkànnì náà lórí. NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìgbì rédíò. Wọkí-tọ́kì ọ̀pọ́ tí wọ́n ń tà lọ́jà kò bá ìwé àṣẹ wá.

Ohun tó ń pa ìlà jù ní ìpínlẹ̀ wa ni iná, ibẹ̀ ló sì yẹ kí owó lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Ráútà méjì, wáàtì 20, switch (àpótí tó ń pín ìlà fún kọ̀ǹpútà), 10, Starlink Standard, 75. Àpapọ̀ jẹ́ 105. Fún wákàtí 10, ó jẹ́ 1,050 Wh (wáàtì lọ́nà iye wákàtí). Ínfátà máa ń jẹ nǹkan bíi ìdá 15 lọ́nà, ó tún ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 20 fún ara rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbé nǹkan. Gbogbo rẹ̀ á sún mọ́ 1,435 Wh.

Bátìrì tubular (olómi) kan, fóòtì 12, 220Ah, ní 2,640 Wh lórí ìwé. Ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò bí ẹ kò bá fẹ́ kí ó tètè gbó, ìyẹn 1,320. Á kú díẹ̀ kí wákàtí 10 tó pé. Lithium (LiFePO4) fóòtì 25.6, 100Ah, ní 2,560. Ẹ lè lo ìdá 80 rẹ̀ láìbẹ̀rù, tí í ṣe 2,048, á sì gbé e dé bíi wákàtí 14. Bí ẹ bá yọ Starlink kúrò, tubular kan yẹn nìkan á gbé ráútà àti switch fún bíi wákàtí 24.

Tubular kò wọ́n tó lithium lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, ó ń fi àmì hàn kí ó tó kú, gbogbo oníwáyà ní Àkúrẹ́ ló sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fẹ́ omi bátìrì lóòrèkóòrè (kì í ṣe omi kànga, kì í sì ṣe omi inú ọ̀rá), ooru sì ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú: bí ibi tó wà bá fi 10°C gbóná ju 25°C lọ, ọdún tó yẹ kí ó lò á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Ẹ má tì í mọ́ inú yàrá tí kò ní fèrèsé. Lithium ń pẹ́, kò fẹ́ omi, àmọ́ BMS inú rẹ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì) máa ń gé iná lójijì láìkìlọ̀. Bí oníwáyà bá fi ìṣètò bátìrì olómi sílẹ̀ nínú ínfátà, "equalize" á gbé fóòtì ga ju bó ti yẹ, BMS á gé, ẹ ó sì máa bú bátìrì tí kò ṣẹ̀. Ẹ pa equalize.

Ìyàtọ̀ mìíràn tó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa ni bí wọ́n ṣe ń so wọ́n. Tubular méjì tí a so tẹ̀léra láti fi di fóòtì 24 jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo: bí ọ̀kan bá kú, méjèèjì ti kú. Lithium fóòtì 24 méjì tí a so ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí oníkálukú ní BMS tirẹ̀, ọ̀kan lè kú kí èkejì máa bá iṣẹ́ lọ.

Àti ínfátà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹnìkan á ki áyọ́ọ̀nù bọ ẹnu púlọ́ọ̀gì, ínfátà á gé, ráútà méjèèjì á kú. Ínfátà kékeré méjì sàn ju ńlá kan lọ fún iṣẹ́ yìí; kí ìlà kọ̀ọ̀kan wà lórí tirẹ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ ra UPS kékeré (àpótí oníbátìrì) oní-fóòtì 12 fún ráútà kejì, èyí tí kò kan ínfátà rárá. Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara rẹ̀: 10,000mAh tí wọ́n kọ síbẹ̀, orí fóòtì 3.7 ni wọ́n ti kà á, 37 Wh ni. Lẹ́yìn àdánù, ráútà oníwáàtì 10 á lò tó wákàtí mẹ́ta. Kí oníwáyà tún fi changeover ọlọ́wọ́ kan sí i tí iná BEDC tàbí ti jẹnẹrétọ̀ lè gbà kọjá ínfátà, fún ọjọ́ tí ínfátà bá bàjẹ́. ATS tó ń yí ara rẹ̀ padà wuyì, àmọ́ láìsí ọ̀nà ọlọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó ra ibi mìíràn tó lè kú ni.

Jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù tí a kì í sábà lò máa ń kọ̀ lọ́jọ́ tí a nílò rẹ̀, nítorí epo tó gbẹ sínú kábúrétọ̀. Ẹ máa tàn án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, kọ́ọ̀kì epo ni kí ẹ tì, kí ó fúnra rẹ̀ jó epo inú kábúrétọ̀ tán.

Ènìyàn náà lè jẹ́ afárá kan ṣoṣo yẹn. Nígbà tí Rogers, iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan, dákẹ́ ní Kánádà ní 8 oṣù Keje ọdún 2022, tí oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù 12 kò rí ìlà lò, àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kí ó tún un ṣe kò rí ara wọn bá sọ̀rọ̀, torí Rogers ni fóònù tiwọn náà ń lò. Kí oníṣẹ́ ìlà yín ní síìmù tó yàtọ̀ sí tiléeṣẹ́. Kí password ráútà wà lórí bébà nínú àpò ìwé tí a lẹ̀, níbi tí ẹni méjì mọ̀.

Fún oníPOS tàbí ilé oògùn ní Ọjà Ọba, MTN pẹ̀lú Glo nínú ráútà oní-síìmù méjì, UPS kékeré kan, ó tán; Starlink níbẹ̀ jẹ́ àṣejù. Ilé ìwòsàn tó ń gba aláìsàn lóru yẹ kí ó ní fáíbà tàbí SIM, kí ó fi Starlink tì í, ínfátà méjì, àti rédíò mẹ́ta ó kéré tán: ẹnu ọ̀nà, yàrá ìtọ́jú, ọkọ̀. Ní Ìdànrè tàbí àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn òkè, ẹ gbé rédíò ṣáájú, SIM tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ìlà àkọ́kọ́ ní aago 11 òwúrọ̀ tí èrò pọ̀. Kì í ṣe ní alẹ́ tí kò sí ẹni tó ń lò ó. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí POS á fi padà. Bí ó bá ju 60 lọ, ẹ dín àkókò ìkànlẹ̀kùn kù. Ẹ fi ìkejì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan kí ẹ mọ̀ bóyá ó lè gbé ẹrù, kì í ṣe pé ó wà nìkan. Ẹ wá dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wò ó pé ráútà ti padà sórí ìlà àkọ́kọ́ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ráútà kì í padà bí a kò bá sọ fún wọn. Á jókòó sórí ìkejì, á jẹ détà rẹ̀ tán láìsọ fún ẹnikẹ́ni.